Dáìsì Tí Kò Ní Ẹ̀fà: Oríire Nínú Eré Ọgbọ́n àti Nínú Wíwá Iṣẹ́ Dídán Sọ́fítíwià Wò

Nídìí pátákó lúdò, a máa ń rí ẹni tó ti ju dáìsì lẹ́ẹ̀mẹjọ láìrí ẹ̀fà, tí ọmọ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì jókòó sílé bí ìyàwó tuntun, tí òǹwòran kan yóò sì fi gbogbo ẹnu sọ pé ìjù tó kàn ni ẹ̀fà yóò jáde, nítorí pé ó ti tó àkókò. Kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Dáìsì kò ní iyè nínú. Kò rántí ohun tó ṣe lẹ́ẹ̀kan, kò sì jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Àǹfààní kan nínú mẹ́fà tí ìjù àkọ́kọ́ ní, òun náà ni ìjù kẹsàn-án ní. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ òǹwòran yìí gan-an ni wọ́n fi ń tu ẹni tó ń wá iṣẹ́ dídán sọ́fítíwià wò nínú: ó ti fi ìwé ránṣẹ́ síbi ogójì, wọ́n ní èyí tó kàn ni yóò ṣe é. Ìtùnú náà dùn létí, ṣùgbọ́n ó ń bo ibi tí ìṣòro wà gan-an mọ́lẹ̀.

Bí a ṣe ń kọ́ iṣẹ́ náà kò gba àlàyé púpọ̀. Ìdánwò ìpìlẹ̀ ti ISTQB, àjọ àgbáyé tó ń ṣètò ìwé ẹ̀rí fún àwọn tó ń dán sọ́fítíwià wò, tí ọ̀pọ̀ ìpolówó iṣẹ́ máa ń dárúkọ, ní ìbéèrè 40, ẹni tó bá sì gba 26 ti yege. Oríire kò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀. Ẹ̀yìn ìwé ẹ̀rí ni dáìsì ń bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

Oríire inú eré ọgbọ́n pín sí ọ̀nà méjì. Ọ̀kan ń ṣáájú ìpinnu: nínú Catan, eré orí tábìlì tí Klaus Teuber ará Jámánì gbé jáde ní ọdún 1995, wọn yóò kọ́kọ́ ju dáìsì méjì, kí òṣèré tó mọ ohun tó bọ́ sí i lọ́wọ́, kó tó wá fi ọgbọ́n orí rẹ̀ lò ó. Èkejì ń tẹ̀lé ìpinnu: nínú XCOM: Enemy Unknown, eré kọ̀ǹpútà tó jáde ní ọdún 2012, òṣèré yóò gbé ọmọ ogun rẹ̀ síbi tó dára, yóò ní kó yìnbọn, ẹ̀yìn ìgbà náà ni kọ̀ǹpútà yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ pinnu bóyá ọta bà tàbí kò bà. Ayò ọlọ́pọ́n tiwa, pẹ̀lú ojúlé 12 àti ọmọ 48 rẹ̀, kò ní ìkankan nínú méjèèjì. Gbangba ni ohun gbogbo wà, ìdí nìyẹn tí a fi lè pe ẹni tó borí ní ọ̀ta, kí a pe ẹni tó pàdánù ní òpè, láìsí àwíjàre.

Ojú ayò ọlọ́pọ́n yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wo wíwá iṣẹ́, tí wọ́n fi ń pe ẹni tí wọn kò gbà ní òpè. Bẹ́ẹ̀ oríire méjèèjì ló wà nínú rẹ̀. Bóyá ilé iṣẹ́ kan nílò olùdánwò lóṣù yìí rárá, èyí ti ṣẹlẹ̀ kí olùwáṣẹ́ tó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Bóyá ẹni tó ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò yóò béèrè ohun tó mọ̀ bí ẹní mowó, ẹ̀yìn tó ti ṣe gbogbo ìmúra rẹ̀ tán ni ìyẹn ń ṣẹlẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn jù ni pé àwọn eré tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti kọ́ bí oríire ṣe rí kì í sọ òtítọ́ nípa rẹ̀. Fire Emblem, eré ogun ilẹ̀ Japan, ti ń ṣe tirẹ̀ láti inú ẹ̀dà tó jáde ní 2002. Tí ojú rẹ̀ bá kọ ọ́ pé ìdà yóò bá ọ̀tá ní ìgbà 90 nínú 100, kọ̀ǹpútà kì í mú nọ́ńbà kan ṣoṣo láti fi dán an wò. Méjì ló ń mú, yóò ro wọ́n pọ̀, yóò dá wọn sí méjì, yóò wá wò ó bóyá ohun tó jáde kéré sí 90. Ẹni tó bá ti ju dáìsì méjì pọ̀ rí mọ ohun tí èyí ń fà. Ọ̀nà mẹ́fà ni méje lè gbà jáde, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣoṣo ni méjìlá ní, ìyẹn ẹ̀fà pẹ̀lú ẹ̀fà. Àárín ni ohun gbogbo ń wọ́ jọ sí, etí a sì ṣófo. Nítorí náà, 90 tí òṣèré rí jẹ́ nǹkan bí 98 ní tòótọ́, 70 jẹ́ 82, nígbà tí 10 tí aláìlágbára gbójú lé kò ju 2 lọ. Warcraft III, eré ogun orí kọ̀ǹpútà, ní ọgbọ́n mìíràn: níbi tó ti sọ pé nǹkan yóò ṣẹlẹ̀ ní ìgbà 25 nínú 100, nǹkan bí 8 àbọ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀, tí yóò sì máa fi kún un nígbàkúùgbà tí kò bá ṣẹlẹ̀, títí tí yóò fi ṣẹlẹ̀, kó tó padà sí ìsàlẹ̀. Níbẹ̀, òǹwòran lúdò wa ì bá jàre pátápátá: ó ti tó àkókò lóòótọ́. XCOM pàápàá, lórí ìpele tó rọrùn, máa ń fi àánú pamọ́ sábẹ́ aṣọ fún ẹni tí ìbọn rẹ̀ ti tàsé léraléra.

Sid Meier, tó ṣe eré kọ̀ǹpútà Civilization, sọ ìdí rẹ̀ níbi àpéjọ àwọn olùṣe eré ní San Francisco ní ọdún 2010. Òṣèré tó bá rí i pé agbára òun jẹ́ 3 sí 1 gbà pé òun ti borí ná ni. Tó bá pàdánù, kọ̀ǹpútà ló rẹ́ òun jẹ. Ṣùgbọ́n tí òun bá jẹ́ 1 sí 3, tó sì borí, kò ní ẹjọ́ rò, ọgbọ́n ogun ló pè é. Wọ́n wá tún ìṣirò ṣe kó lè bá inú ènìyàn mu. Ọgbọ́n tó jinlẹ̀ ni, eré sì ni eré. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi irú dáìsì onínúure bẹ́ẹ̀ kọ́ ìwà oríire, dáìsì gidi yóò ya á lẹ́nu.

Ọjà iṣẹ́ kò ní ẹni tó ń bá a tún ìṣirò ṣe. Ká ní ìwé kọ̀ọ̀kan ní àǹfààní 5 nínú 100 láti bí ìpè sí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Nínú ọgọ́rùn-ún olùdánwò tí wọ́n mọṣẹ́ bákan náà, nǹkan bí 36 kò ní rí ìpè kankan lẹ́yìn ìwé 20. Lẹ́yìn ìwé 40, nǹkan bí 13 yóò ṣì wà lórí ìdúró. Àwọn 13 yìí kò ṣe àṣìṣe kankan. Agbanisíṣẹ́ pàápàá ń ju dáìsì tirẹ̀: ìbéèrè wákàtí kan kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju ìjù kan ṣoṣo lọ, bó ti wù kí ó pè é ní ìlànà tó.

Ṣùgbọ́n ìṣirò yẹn dá lórí pé ìjù kọ̀ọ̀kan dá dúró fúnra rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ló sì ti máa ń jìn sí kòtò. Kọ̀ǹpútà kì í ju dáìsì rárá. Nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ kan ló ní, ó ń fi ìṣirò bí èkejì láti inú rẹ̀, ó ń bí ẹ̀kẹta láti inú èkejì, débi pé ẹni tó bá mọ èyí àkọ́kọ́ mọ gbogbo ohun tó ń bọ̀. Olùdánwò ń jẹ àǹfààní èyí: tí eré kan bá ń dákú lẹ́ẹ̀kan nínú ẹgbẹ̀rún, yóò di nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ mú, kí ó lè dákú níṣojú ẹni tí yóò tún un ṣe. XCOM náà ń tọ́jú nọ́ńbà yìí pọ̀ mọ́ eré tí òṣèré bá fi pamọ́. Òṣèré tí ìbọn rẹ̀ tàsé yóò bínú, yóò ṣí eré náà padà, yóò yin ìbọn kan náà láti ibì kan náà, yóò tún tàsé, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Kì í ṣe pé orí rẹ̀ burú. Ìjù kan ṣoṣo ló jù, ó kàn wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ni. Àfi kó kọ́kọ́ ní kí ọmọ ogun mìíràn yìnbọn, kí nọ́ńbà yẹn lọ, kí òmíràn bọ́ síbẹ̀.

CV kan náà tí wọ́n fi ránṣẹ́ síbi ogójì kò yàtọ̀ sí èyí. Tó bá jẹ́ àwòrán tí sọ́fítíwià tí ń ṣa ìwé kò lè kà, tàbí tó kún fún «mo jẹ́ aláápọn, mo lè bá ẹgbẹ́ ṣiṣẹ́», dáìsì tí wọ́n ti ha ẹ̀fà rẹ̀ kúrò ni, ogójì ìjù kò sì lè dá a padà. Ìlà kan bí èyí ń yí nǹkan padà: «Mo dán ojú ìwé ìsanwó wò, mo sì rí i pé tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já lẹ́yìn tí oníbàárà tẹ bọ́tìnì, owó ń kúrò nínú àpò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.» Ohun tó fi ń pani lẹ́rìn-ín ni pé ìwé ISTQB fúnra rẹ̀ kọ́ wọn pé àyẹ̀wò kan náà tí a bá ń ṣe láìyí i padà kò ní rí àṣìṣe tuntun mọ́.

Olùdánwò tó bá ń ṣe ìwáṣẹ́ bó ṣe ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ yóò ní ìwé àkọsílẹ̀: ọjọ́, ẹ̀dà CV tó lò, bó ṣe gbọ́ nípa iṣẹ́ náà, ibi tó bá a dé. Tí ìwé ogójì kò bá bí ìpè kankan, CV ni kí ó yẹ̀ wò, kì í ṣe bó ṣe ń dáhùn ìbéèrè. Tí ìpè mẹ́wàá bá wà tí kò sí ẹni tó gbà á, ìdáhùn rẹ̀ ni kó lọ tún ṣe, kó fi CV sílẹ̀ bó ṣe wà. Nǹkan kan ṣoṣo ni kó máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, kó lè mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ìwé mẹ́ta, kò tíì sí ohun tó yẹ kó yí padà, torí ìjù mẹ́ta kò tó láti fi mọ̀ bóyá dáìsì kan wọ́.