Bí A Ó Ṣe Ṣàlàyé "Ẹni Tó Níṣẹ́ Lọ́wọ́" fún Ọmọ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀

Ẹ bi ọmọ Yorùbá kan tó wà ní Prámárì 4 ní Kubwa léèrè iṣẹ́ tí ìyá rẹ̀ ń ṣe. Ó ṣeé ṣe kó ní, "Mọ́mì mi ò níṣẹ́, ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n wà." Lójú ọmọ tó ń dàgbà ní Abuja, iṣẹ́ ni káàdì tí wọ́n fi ń kọ́rùn, àti ọkọ̀ tó ń kó àwọn èèyàn lọ sí Federal Secretariat láàárọ̀. Ohun tí kò bá ti sí owó oṣù nínú rẹ̀, wọn ò kà á kún. Àwa àgbà la kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Àwa náà kọ́ là ń sọ pé lágbájá "ṣì ń wáṣẹ́", nígbà tó jẹ́ pé ó ti ń fi kẹ̀kẹ́ NAPEP gbé èrò ní Nyanya láti ìdájí?

NBS, àjọ tó ń ṣírò irú nǹkan báyìí fún Nàìjíríà, kì í béèrè káàdì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìlànà ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ni wọ́n ń tẹ̀ lé: ẹni tó bá ti pé ọdún 15, tó sì fi wákàtí kan, ó kéré tán, ṣiṣẹ́ fún owó tàbí èrè láàárín ọjọ́ 7 tí wọ́n ń béèrè nípa rẹ̀, ó níṣẹ́ lọ́wọ́. Mai ruwa, ẹni tó ń ta omi, tó ń ti ọmọlanke kiri Mararaba níṣẹ́ lọ́wọ́. Mai shayi, ẹni tó ń ta tíì, níṣẹ́ lọ́wọ́. Ìyá alákàrà níṣẹ́ lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bíi dáírẹ́kítọ̀ tó ń ra àkàrà lọ́wọ́ rẹ̀. Olùkọ́ tó gba ìsinmi ìbímọ ò débi iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ipò rẹ̀ ń dúró dè é, nítorí náà wọ́n kà á mọ́ wọn. Ọmọ ọdún 17 tó ń bá bàbá rẹ̀ tajà láìgba kọ́bọ̀ náà wà níbẹ̀, torí ó ń bá ilé pa èrè.

Iṣẹ́ ilé ni àwọn ọmọ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn. Kí ìyá gbálẹ̀, kó fọṣọ, kó sebẹ̀, kó gbé ọmọ pọ̀n títí ilẹ̀ fi ṣú, wọn ò ní torí ìyẹn nìkan kà á mọ́ ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́. Bó bá wá gba náànì tó ń sanwó fún láti ṣe iṣẹ́ kan náà, náànì níṣẹ́ lọ́wọ́. Àgbẹ̀ tó gbin àgbàdo ní Kwali, tó jẹ́ pé ilé rẹ̀ ló ń jẹ gbogbo rẹ̀, kò sí nínú wọn. Bó bá jẹ́ títà ló gbìn ín fún, ó ti wọlé. Ẹ má sáré pa àwọn ọmọ lẹ́nu mọ́ níbí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jà á, torí ibẹ̀ ni wọ́n á ti rí i pé iṣẹ́ tó ń mówó wọlé ni ìṣirò yìí ń wá, kì í wá ẹni tó ń ṣe làálàá jù. ILO fúnra rẹ̀ gbà pé iṣẹ́ ni iṣẹ́ ilé, abala mìíràn ló kọ ọ́ sí. Ní tèmi, abala yẹn ti fara sin jù.

"Ẹni tí kò ríṣẹ́" náà ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Kí èèyàn kàn jókòó sílé kò tó. Kò gbọ́dọ̀ tíì ṣe iṣẹ́ owó kankan lọ́sẹ̀ náà, ó gbọ́dọ̀ máa wá a, ó sì gbọ́dọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n bá pè é. Bọ̀dá tó jáde yunifásítì, tó kọ̀wé títí tó fi sú u, tó sì jáwọ́, ìṣirò ò pè é ní ẹni tí kò ríṣẹ́ mọ́. Ó ti bọ́ sí ìsọ̀rí kẹta, ti àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ tí wọn ò sì wá a, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn tó ti fẹ̀yìn tì wà.

Ọ̀rọ̀ yìí dá awuyewuye sílẹ̀ ní 2023. Ní ìparí ọdún 2020, NBS ní 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò ríṣẹ́. Ìṣirò tí wọ́n wá gbé jáde fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún 2023 ní 4.1 ni. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá tó wákàtí 20 lọ́sẹ̀, wọ́n kà á mọ́ ẹni tí kò ríṣẹ́. Ìlànà tuntun sọ ọ́ di wákàtí kan. Wákàtí kan ò lè bọ́ ẹnikẹ́ni ní Abuja, ẹ má fi pa mọ́ fún ọmọ.

Nínú ìṣirò oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án 2023, 87.3 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó níṣẹ́ ló ń ṣe tara wọn. Síbẹ̀, lọ́jọ́ tí ilé ìwé bá ní kí ọmọ wọṣọ iṣẹ́ wá, dókítà, lọ́yà àti páílọ́ọ̀tì ló ń kún kíláàsì. Télọ̀ dà? Alápatà dà?

Fún Prámárì 5 àti 6, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan bi àgbàlagbà kan ládùúgbò: Ṣé ẹ ṣiṣẹ́ tó mówó wọlé ní ọjọ́ 7 tó kọjá? Wákàtí mélòó? Bí ẹ ò bá ṣe, ṣé ẹ ń wá a, ṣé ẹ sì lè bẹ̀rẹ̀ lọ́la? (Kí wọ́n kọ́kọ́ kí i dáadáa o, kí bàbá kan má lọ rò pé wọ́n rán ọmọ wá tú àpò òun wò.) Ká ní ọmọ 40 ló béèrè: 30 bá ẹni tó níṣẹ́ pàdé, 2 bá ẹni tó ń wá a, 8 bá àwọn tó wà ní ìsọ̀rí kẹta. Ọ̀pọ̀ ọmọ á fẹ́ fi 40 pín 2. Rárá, a ò ka àwọn 8 yẹn. 2 nínú 32 ni, ìyẹn 6.25 nínú ọgọ́rùn-ún. Kí wọ́n wá fi ìlànà wákàtí 20 tún un ṣe. Bí 6 nínú àwọn 30 kò bá tó wákàtí 20, àwọn tí kò ríṣẹ́ á di 8 nínú 32, ìyẹn 25 nínú ọgọ́rùn-ún, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́nì kankan tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.