Ọjọ́ orí méjì ni ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé ní

Ìpayà kan wà tó máa ń bá òbí tó bímọ ṣáájú ọ̀sẹ̀ 37, tí kò sì nídìí. Ẹnì kan á ní, "Ọmọ lágbájá tí wọ́n jọ bí ti ń jókòó, tiyín ńkọ́?" Ìbéèrè yẹn ti wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ọjọ́ ìbí kọ́ ni ọpọlọ ọmọ ń kà.

Oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn nínú oyún ni iṣẹ́ pọ̀ jù nínú orí ọmọ. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 24, ojú ọpọlọ ṣì tẹ́jú, ó ń dán. Kó tó di ọ̀sẹ̀ 40, ó ti hunjọ. Ọmọ tó tètè jáde á máa bá iṣẹ́ yẹn lọ níta, bí ìgbà tí onílé kó wọ ilé tí birikìlà ṣì ń rẹ́. Kíkó tó kó wọlé kò sọ ilé di píparí. Àwọn òṣìṣẹ́ ṣì ń tẹ̀ lé ètò wọn, àfi pé àárín ariwo àti iná ni wọ́n ti ń ṣe é báyìí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dín méjèèjì kù ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ wọ̀nyí.

Ibi tó wuni jù ni ohun tí Heinz Prechtl, dókítà ọmọ ilẹ̀ Austria, fi ọ̀pọ̀ ọdún wò: bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń mira. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ tó yẹ kí a bí i, tẹ́ ọmọ sílẹ̀ ní ẹ̀yìn, kó lajú, kó má sunkún. Wàá rí i tí ọrùn ń yí díẹ̀, tí ọrùn-ọwọ́ àti ọrùn-ẹsẹ̀ náà ń yí díẹ̀díẹ̀ káàkiri, láìsinmi. Fídíò ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó láti fi yẹ̀ ẹ́ wò, láìfọwọ́ kan ọmọ. Ọmọ ọ̀sẹ̀ 28 kì í torí pé ó tètè dáyé kó tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Á kọ́kọ́ lo bí oṣù mẹ́ta tó kù fún un nínú oyún, á tún wá lo bí oṣù mẹ́ta sí i.

Nítorí náà, tí ọmọ yẹn bá pé oṣù mẹ́sàn-án, kí a yọ oṣù mẹ́ta tó fi tètè dé kúrò, oṣù mẹ́fà ni kí a kà fún un tí a bá ń wo ìjókòó, ìrákòrò àti ọ̀rọ̀ sísọ. Àjẹsára kò sí nínú ìyọkúrò yìí. Ọjọ́ ìbí gan-an ni wọ́n sábà máa ń fi kà á.

Ìṣirò yìí mọ́gbọ́n wá, ṣùgbọ́n àwọn kan ti sọ ọ́ di àwáwí. Tí ìmira kéékèèké yẹn kò bá sí rárá lẹ́yìn tí a ti yọ ọ̀sẹ̀ tó yẹ, kì í ṣe ohun tí à ń ní sùúrù fún: àmì ewu tó lágbára ni fún cerebral palsy (ìṣòro ọpọlọ tí kì í jẹ́ kí ọmọ lè darí ara rẹ̀ bó ṣe yẹ), kí ìtọ́jú iṣan ara sì bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n tún sábà máa ń dá ìyọkúrò náà dúró ní ọdún méjì, bíi pé gbogbo rẹ̀ ti tán. Bẹ́ẹ̀, ìṣòro àìlèfọkànsí àti ti ìṣirò, tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí a bí ṣáájú ọ̀sẹ̀ 32, lè má yọjú títí ọmọ á fi wọ iléèwé.