Wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, kì í ṣe pé wọ́n ti jẹ́wọ́

"Àǹtí, tí abẹ́rẹ́ yẹn kò bá ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́, kí ló dé tí wọ́n fi ní fọ́ọ̀mù fún un?"

Aládùúgbò mi kan ní Múṣin ló bi mí bẹ́ẹ̀. Ọmọ rẹ̀ pé oṣù mẹ́sàn-án, ó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi. Ní ọjọ́ kẹjọ, ara ọmọ gbóná janjan, gìrì sì mú un. Ẹnì kan nínú ilé ti gbé ìgò àgbo ìtọ̀ màlúù jáde, ẹlòmíràn ń wá ṣíbí tí wọ́n fẹ́ fi la ẹnu ọmọ. Mo bẹ̀ wọ́n títí. A fi ọmọ náà dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a kò fi nǹkan kan sí i lẹ́nu. Nígbà tó dákẹ́ ni a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Àgbo yẹn àti ṣíbí yẹn lè ṣe ọmọ léṣe ju gìrì fúnra rẹ̀ lọ.

Nígbà tí a padà lọ sọ fún nọ́ọ̀sì tó gún un, aládùúgbò mi rí fọ́ọ̀mù kan lórí tábìlì, gìrì àti àìsàn ọpọlọ wà níbẹ̀ lédè Òyìnbó. Àyà rẹ̀ já. Lójú tirẹ̀, ẹni tó ti ya àyè sílẹ̀ fún gìrì ti mọ̀ pé gìrì ń bọ̀ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ìyá ló ń rò bẹ́ẹ̀, mi ò sì bá wọn wí, torí ọmọ ni. Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tí fọ́ọ̀mù náà ń béèrè ni ọjọ́ orí ọmọ, ọjọ́ àti aago tí wọ́n gún un, ìgbà tí àìsàn bẹ̀rẹ̀, àti nọ́ńbà tó wà lára ìgò oògùn. Ẹ kíyè sí nọ́ńbà ìgò yẹn. Bí ọmọ mẹ́ta ní Múṣin àti méjì ní Ṣómólú bá ṣàìsàn, tó sì jẹ́ nọ́ńbà kan náà ni, wọ́n á mọ èyí tí wọ́n máa kó kúrò nílẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ kò tíì sọ pé abẹ́rẹ́ ló fà á. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ló kọ. Ìwádìí ló kù. Abẹ́rẹ́ èéyi lè mú ara ọmọ gbóná láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ìgbóná yẹn sì lè fa gìrì. Ibà ẹ̀fọn náà lè fà á. Nínú 100 ọmọ tó wà láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún, méjì sí márùn-ún ni ìgbóná ara máa ń fa gìrì fún, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kì í sì í ní àbùkù kankan lẹ́yìn rẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ nígbà náà? Kíka iye àwọn tó ṣàìsàn ni. Àìsàn kan wà tó ń jẹ́ Guillain-Barré: ohun tó yẹ kó máa gbèjà ara á yíjú sí àwọn iṣan tó ń gbé ọ̀rọ̀ láti ọpọlọ lọ sí ara, ẹsẹ̀ á kọ́kọ́ rọ, á sì máa gòkè bọ̀. Nínú 100,000 ènìyàn, ó ń mú bí ẹnì kan tàbí méjì lọ́dún, wọn ì báà gba abẹ́rẹ́, wọn ì báà má gbà á. Nítorí náà, tí wọ́n bá gún mílíọ̀nù kan ènìyàn, bí ẹnì kan tàbí méjì á ṣe é láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ká tiẹ̀ ní omi lásán ni wọ́n gún fún wọn. Tó bá wá di mẹ́wàá, ó yẹ kí ẹ̀rù bani.

Ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1976. Wọ́n gún nǹkan bíi mílíọ̀nù 45 ènìyàn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára fún irú ọ̀fìnkìn kan tó wá láti ara ẹlẹ́dẹ̀. Nígbà tí ìròyìn Guillain-Barré ń pọ̀, tó fi bí ẹnì kan lé sí iye tó máa ń wà tẹ́lẹ̀ nínú 100,000 tó gbà á, wọ́n dá ètò náà dúró ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn. Ẹni tó bá ní abẹ́rẹ́ kì í ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan kò sọ òótọ́. Àwọn tó kọ ọ́ sílẹ̀ ni kò jẹ́ kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nílé wa níbí, gbogbo ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15, tí apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ṣàdédé rọ, ni wọ́n ń kọ sílẹ̀. Wọ́n á gba ìgbẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì fún àyẹ̀wò, bóyá rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ni. Ibi tó bá ní òun kò rí ọmọ kankan, wọn kì í yìn ín. Wọ́n á ní kò wá a dáadáa ni, torí ó kéré tán, ó yẹ kó rí ẹyọ kan nínú 100,000 ọmọ lọ́dún tí nǹkan mìíràn fà tirẹ̀. Irú ojú lílà bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó gbé Áfíríkà dé 25 August 2020, tí wọ́n kéde pé rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ inú igbó, ìyẹn èyí tí kò ti ara oògùn àjẹsára wá, ti tán lọ́dọ̀ wa.

Mo ṣàlàyé èyí fún aládùúgbò mi lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn. Kò dáhùn. Ó na káàdì ọmọ sí nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì bi í pé aago mélòó ni ara ọmọ kọ́kọ́ gbóná. Kò rántí aago, ṣùgbọ́n ó rántí pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pe ìrun àṣálẹ́ ni. Nọ́ọ̀sì kọ aago méje.