«Cet» Kì Í Ṣe fún Gbogbo Ọ̀rọ̀ Tó Bá Ti Fi Fáwẹ́lì Bẹ̀rẹ̀

Bi ẹni tó ń kọ́ èdè Faransé pé ìgbà wo là ń lo cet, ọ̀kan lára àwọn ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí «yìí» tàbí «yẹn». Ohun tó máa sọ fún ẹ ni pé nígbà tí ọ̀rọ̀ bá fi fáwẹ́lì bẹ̀rẹ̀. Ìgbàgbọ́ yìí ló ń jẹ́ kí wọ́n máa kọ cet école, cet eau, cet histoire, bẹ́ẹ̀ kò sí èyí tó tọ̀nà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ní Faransé, ọ̀rọ̀ orúkọ máa ń jẹ́ akọ tàbí abo, ọ̀rọ̀ akọ nìkan ló sì ni cet. Ce ni akọ ń gbà: ce livre, ce marché. Tí akọ náà bá wá fi fáwẹ́lì bẹ̀rẹ̀, ce á di cet, kí fáwẹ́lì méjì má baà forí gbárí lẹ́nu: cet arbre, cet enfant. Abo ò ní wàhálà yẹn rárá. Cette ni, ohun yòówù kó fi bẹ̀rẹ̀: cette table, cette école, cette eau. Tó bá di ọ̀pọ̀, takọtabo ló ń gba ces.

Lójú tèmi, mon, ìyẹn «mi» tí ọ̀rọ̀ akọ ń gbà, ló ń ṣi wọ́n lọ́nà. Mon école, mon amie ni Faransé ń wí, abo sì ni méjèèjì. Níbẹ̀, abo ló yá ẹ̀wù akọ wọ̀ nítorí fáwẹ́lì, wọ́n wá rò pé bó ṣe rí fún cet náà nìyẹn. Òdìkejì rẹ̀ gan-an ni. Etí ò sì lè gbà wọ́n, torí bákan náà ni cet àti cette ń dún. Èèyàn lè máa sọ ọ́ geere ní Kútọnu fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọjọ́ tó bá kọ lẹ́tà ni àṣìṣe á tó hàn.

H náà ní tiẹ̀. Cet homme, cet hôtel, àmọ́ ce héros, ce haricot. A kì í pe h nínú ìkankan wọn, síbẹ̀ àwọn kan kì í gbà kí ọ̀rọ̀ tó ṣáájú lẹ̀ mọ́ wọn. Inú ìwé atúmọ̀ èdè lèèyàn ti ń mọ̀ wọ́n. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e gbágbá ni kó o sì máa wò: cet homme, ṣùgbọ́n ce vieil homme.

Nígbà tó o bá ń kọ́ ọ̀rọ̀ tuntun, má kọ l'école sínú ìwé rẹ, torí l', ìgékúrú le (ti akọ) àti la (ti abo), ń fi akọ àti abo pa mọ́. Une école ni kó o kọ, torí abo nìkan ló ń gba une.