Lẹ́tà Tó Ki Jù Kọ́ Ló Ń Hàn Jù

Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí wọn ò ní sọ ọ́ fún wa ní ṣọ́ọ̀bù tá a ti ń tẹ bánà ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn: "Brọ̀dá, ẹ jẹ́ kó ki dáadáa, ẹ jẹ́ kó tún ki sí i, kí ẹni tó wà nínú Máíkírà lè rí i." Àwọn kọ́sítọ́mà gbà pé bí lẹ́tà bá ṣe sanra tó náà ló ṣe máa hàn tó, àwa dísáìnà ò sì kúkú sàn jù wọ́n lọ, torí ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣe nínú CorelDRAW, ètò kọ̀ǹpútà tá a fi ń ya iṣẹ́, ò ju ká fi outline, ìyẹn ìlà tó yí etí lẹ́tà ká, sí i lára, ká fà á nípọn, ká ní ó ti bold. Kò rí bẹ́ẹ̀ o.

Ẹ jẹ́ n fi iṣẹ́ kan tí mo fọwọ́ ara mi bàjẹ́ ṣàlàyé. Ìyá kan tó ń ta oúnjẹ gbé bánà 6 by 3 wá, lẹ́tà funfun lórí pupa. Wọ́n ní kó ki, mo jẹ́ kó ki, wọ́n ní kò tíì tó, mo bá gbé outline lé outline. Ìgbà tí ẹ̀rọ pọ̀ ọ́ jáde ni mo rí i pé ihò inú A ti dí pátá, ÀMÀLÀ wá rí bí òrùlé páànù téèyàn ń wò láti orí òkè Màpó, B inú Ẹ̀BÀ sì ti di 8. Nọ́ńbà fóònù ló wá burú jù, 3, 6, 8, 9, gbogbo wọn sanra tán wọ́n di ìbejì ara wọn.

Ṣé ẹ rí i, kì í ṣe ara lẹ́tà nìkan lojú ń kà, àyè tó ṣófo nínú ẹ̀ àti èyí tó wà láàrin òun àti ìkejì ẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àyè yẹn ló ń sọ fún yín pé O nìyí, C nìyẹn, téèyàn bá sì ti wà lọ́ọ̀ọ́kán òun ló kọ́kọ́ ń pòórá. Lẹ́tà funfun lórí àwọ̀ tó ṣú tún máa ń wú lójú ju bó ṣe tóbi lọ. Jock Kinneir àti Margaret Calvert tó ṣe lẹ́tà ojú pópó fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ èyí dáadáa, ìdí nìyẹn tí fọ́ǹtì wọn (ìrísí lẹ́tà tí wọ́n yà), Transport, fi ní oríṣi méjì: èyí tó ki fún dúdú lórí funfun, èyí tó fúyẹ́ díẹ̀ fún funfun lórí àwọ̀ tó ṣú. Èmi wá ṣe òdìkejì gẹ́lẹ́.

Ẹni tó ń ṣe fọ́ǹtì gbàǹgbà gangan, ìyẹn èyí tó sanra fún ọ̀rọ̀ ńlá, bí télọ̀ tó ń ránṣọ fún ẹni tó sanra ni, kì í kàn fẹ aṣọ ẹni pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó ń wọn èèyàn yẹn lọ́tọ̀ ni. Ẹ ṣí Impact lórí Windows, èyí tí Geoffrey Lee gbé jáde ní 1965, kẹ́ ẹ fa e kékeré ẹ̀ tóbi kó kún ojú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ dúró bí òpó, àmọ́ ìlà tó dábùú àárín ẹ̀ tín-ín-rín jù ú lọ kí ihò lè rí àyè mí. Ẹ wo n náà, ibi tí apá ẹ̀ ti já mọ́ òpó, wọ́n gé e wọlé kó má baà dí. Ti Cooper Black tí Oswald Cooper ṣe ní Chicago ní 1922 yàtọ̀, ó rọ̀ bọ̀rọ̀kọ̀tọ̀, àmọ́ òun náà mọ ibi tó ti yẹ kó fún.

Ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta tó tóbi sì ni wọ́n ṣe irú fọ́ǹtì bẹ́ẹ̀ fún, látìgbà tí irú wọn ti ń polówó ọjà lára ògiri ní Lọ́ńdọ̀nù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 19. Kẹ́ ẹ wá fi Impact kọ gbogbo ìtàn ìgbésí ayé olóògbé sí ẹ̀yìn ìwé ètò ìsìnkú, ìyà lẹ fi jẹ àwọn alájọṣe yẹn.

Ti Yorùbá tún wá lágbára lọ́tọ̀. Fọ́ǹtì gbàǹgbà tó ní ẹ àti ọ pọ̀ díẹ̀ torí èdè Vietnam náà ń lò wọ́n, àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn ò ní ṣ, ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà á ti lọ yá ṣ tín-ín-rín kan wá láti inú fọ́ǹtì mìíràn, á dúró sáàárín àwọn sisanra bí ọmọ tó sọnù lọ́jà Bódìjà. Ẹ́ ò sì ní ààyè tiẹ̀ nínú Unicode, ìyẹn àkójọ nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, Ẹ àti àmì orí ẹ̀ ni wọ́n ń so pọ̀, tí ẹni tó ṣe fọ́ǹtì ò bá ti ṣètò ibi tí àmì máa jókòó sí, orí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e ló máa lọ bà lé. Ọ̀pọ̀ dísáìnà á wá yọ àmì kúrò pátá, ọbẹ̀ olóúnjẹ á di ọ̀bẹ.

Ìyá yẹn padà wá lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì. Bọ̀dá kan làwọn kọ́sítọ́mà ẹ̀ ń pè pé kó gbé àmàlà wá, lọ́sàn-án lóru, ó sú u títí tó fi bi wọ́n níbi tí wọ́n ti rí nọ́ńbà òun. Ló bá wá fúnra ẹ̀, ó dúró sí òdìkejì títì, ó wo bánà mi, ó sì ka nọ́ńbà ara ẹ̀ jáde láìṣì kan.