Bí Wọ́n Ṣe Ń Yẹ Ẹ̀rọ Tó Ń Gbọ́ Ọ̀rinrin Òfuurufú Wò, Kí Gíga Òkun Tó Lè Péye

Sátẹ́láìtì tó ń wọn gíga òkun kì í fọwọ́ kan omi. Láti nǹkan bíi 1,336 kìlómítà lókè, ó ń ta ìgbì rédà sísàlẹ̀. Ìgbì náà á lu ojú omi, á ta padà, ẹ̀rọ á sì ka iye àkókò tó lò ní àlọ àti àbọ̀. TOPEX/Poseidon, tí Amẹ́ríkà àti Faransé jọ gbé lọ sókè ní oṣù kẹjọ ọdún 1992, ló bẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀ gígùn tí wọ́n ń lò títí di òní. Jason-1 tẹ̀lé e ní 2001, Jason-2 ní 2008, Jason-3 ní 2016, Sentinel-6 Michael Freilich ní 2020. Ohun tí gbogbo wọn jọ fi hàn ni pé òkun ayé ń ga sí i ní ohun tó lé ní mìlímítà 3 lọ́dún láti 1993. Kí èèyàn tó lè fọwọ́ sọ̀yà lórí mìlímítà 3 láti ibi tó ga tó bẹ́ẹ̀, gbogbo ohun tó ń fa ìgbì sẹ́yìn lójú ọ̀nà gbọ́dọ̀ di mímọ̀.

Afẹ́fẹ́ wà lára wọn. Nínú òfìfo, eré ìgbì pé. Tó bá ti wọ inú afẹ́fẹ́, ó máa ń falẹ̀ díẹ̀, òkun á sì dà bíi pé ó jìnnà ju bó ṣe wà lọ. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ nìkan ń fi nǹkan bíi mítà 2.3 kún un. Ìyẹn pọ̀ lójú, àmọ́ kò le, torí bí wọ́n bá ti mọ agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ ojú òkun níbẹ̀, ìṣirò ti parí ẹ̀. Ọ̀rinrin ló ni wàhálà. Níbi tí afẹ́fẹ́ ti gbẹ, ohun tí ọ̀rinrin ń fi kún un kò ju sẹ̀ǹtímítà mélòó kan lọ. Níbi tí òfuurufú ti kún fún omi, ó lè tó sẹ̀ǹtímítà 40. Láàrin wákàtí díẹ̀ ó ti yí padà, láàrin ìwọ̀nba kìlómítà ó ti di nǹkan mìíràn. Kò sí bí wọ́n ṣe lè fojú bù ú. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ kejì fi ń bá rédà gbé nínú sátẹ́láìtì kan náà: rédíómítà máíkírówéfù. Òun kì í ta ìgbì kankan. Gbígbọ́ ni iṣẹ́ tirẹ̀.

Ohun gbogbo tó bá ní ìgbóná lára ló ń tú ìgbì jáde, bó ti wù kí ìgbì náà kéré tó. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ní ibi tí ohùn tirẹ̀ ti le jù, nítòsí gigahertz 22.2 (gigahertz ni wọ́n fi ń ka iye ìgbà tí ìgbì ń mì ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ yìí kì í sábà gbé etí ẹ̀rọ sórí góńgó yẹn gan-an, 23.8 ni wọ́n ń yàn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí pé níbẹ̀, bóyá ọ̀rinrin náà wà lókè tàbí nísàlẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí èsì padà. Àmọ́ ọ̀rinrin nìkan kọ́ ni ẹ̀rọ ń gbọ́. Òkun fúnra rẹ̀ ń tú ìgbì jáde, pàápàá nígbà tí atẹ́gùn bá da ojú rẹ̀ rú tí ó sì ń yọ ìfóófòó. Omi inú ìkùukùu náà ń sọ̀rọ̀. Wọ́n wá fi ìkànnì méjì mìíràn kún un nínú ẹ̀rọ Jason: 18.7 fún ojú omi, 34 fún ìkùukùu. Sentinel-3, sátẹ́láìtì Yúróòpù tí òun náà ń wọn gíga òkun, ní méjì péré, 23.8 àti 36.5, ó sì ń yá ìròyìn nípa atẹ́gùn láti ara bí ìgbì rédà ṣe padà sí. Láti inú iye tí àwọn ìkànnì yìí bá kà ni wọ́n ti ń ṣírò ohun tí ọ̀rinrin fi kún ọ̀nà ìgbì, ohun tí wọ́n sì ń lépa ni kí àṣìṣe má ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1 lọ.

Iye tí ẹ̀rọ ń kà yìí, ìwọ̀n ìgbóná ni wọ́n ń pè é, Kelvin ni wọ́n sì fi ń kà á, òṣùwọ̀n ìgbóná tí òdo rẹ̀ jẹ́ ibi tí òtútù kò lè kọjá. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ gidi ti bẹ̀rẹ̀. Agbára ìgbì tó ń wọlé kéré débi pé ariwo tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń dá nínú ara rẹ̀ lè pọ̀ ju ohun tó ń gbọ́ lọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ohun tó ń mú ìgbì náà tóbi kí wọ́n lè kà á kì í dúró sójú kan. Bí oòrùn bá kan sátẹ́láìtì, tí ara ẹ̀rọ gbóná díẹ̀, iye á yí. Ó dà bí òṣùwọ̀n tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ kì í padà sórí òdo: kò sí ohun tí wọ́n lè gbé lé e tí wọ́n á gbà gbọ́, àfi tí wọ́n bá ń gbé ohun tí wọ́n mọ ìwúwo rẹ̀ lé e lóòrèkóòrè. Robert Dicke, onímọ̀ físíìsì ní Amẹ́ríkà, ló fi ọgbọ́n yìí sínú rédíómítà ní 1946. Ẹ̀rọ tirẹ̀ ń yí etí padà léraléra láàrin áńtẹ́nà àti ohun kan tí wọ́n mọ ìgbóná rẹ̀ dájú. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni wọ́n ń lò, torí ohun tó bá yí nínú ẹ̀rọ á yí fún méjèèjì. Lórí ìyẹn, wọ́n máa ń fi dáyóòdù tó ń dá ariwo tí wọ́n mọ ìwọ̀n rẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Rédíómítà Jason-2 àti Jason-3 ní mẹ́ta fún ìkànnì kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kan má bàa yẹ̀ kúrò lójú ìwọ̀n rẹ̀ láìjẹ́ pé àwọn yòókù tú u fó.

Kí ẹ̀rọ tó kúrò nílẹ̀, wọ́n á gbé e sínú yàrá kan tí wọ́n ti fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, kí ibẹ̀ lè jọ òfuurufú òkè. Níwájú rẹ̀ ni wọ́n á gbé ohun dúdú kan sí, tí ojú rẹ̀ kún fún ṣóńṣó kéékèèké, tó sì ń gbé gbogbo ìgbì tó bá kàn án mì. Ohun tó bá ń gbé ìgbì mì pátápátá ló ń tú ìgbì jáde gẹ́lẹ́ bí ìgbóná rẹ̀ ṣe wí. Wọ́n á fi náítírójìn olómi mú un tutù dé nǹkan bíi Kelvin 77, ẹ̀rọ á kà á. Wọ́n á tún mú un gbóná dé nǹkan bíi 300, ẹ̀rọ á tún kà á. Ojú àmì méjì yẹn ti tó láti fa ìlà, àmọ́ kò tó láti mọ̀ bóyá ìlà náà tọ́. Nítorí náà wọ́n á máa gbé ìgbóná náà sókè díẹ̀díẹ̀ láàrin méjèèjì, pàápàá jù lọ níbi tí òkun sábà máa ń wà, láti bíi 120 dé 250 ó lé. Bí ìlà bá tẹ̀, wọ́n á kọ bó ṣe tẹ̀ sílẹ̀.

Ohun dúdú náà pàápàá kì í ṣe ẹni à ń gbà gbọ́ láìwádìí. Orí ṣóńṣó rẹ̀ lè gbóná ju ìdí rẹ̀ lọ, torí orí ló dojú kọ ẹ̀rọ tó gbóná. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ri ohun tó ń ka ìgbóná mọ́ ọn lára ní oríṣiríṣi ibi, tí wọ́n sì ń dúró títí gbogbo wọn á fi fohùn ṣọ̀kan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan sílẹ̀. Ìdúró yìí lè gba wákàtí púpọ̀ fún ojú àmì kan ṣoṣo, ẹni tó bá sì kánjú níbẹ̀ ti ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún jẹ́.

Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi ohun dúdú sílẹ̀ bó ṣe wà, ara ẹ̀rọ ni wọ́n á máa mú gbóná tí wọ́n á sì máa mú tutù. Ohun tó wà níwájú kò yí padà, torí náà bí iye tí ẹ̀rọ ń kà bá yí, ẹ̀rọ ló ń purọ́. Ibi tí irọ́ yẹn ti sábà ń wá ni ọ̀nà tí ìgbì ń gbà wọlé: ẹnu ìwo (apá tó rí bí ìwo, tó kọ́kọ́ ń gba ìgbì wọlé), ihò irin tó tẹ̀ lé e, ohun tó ń yí etí ẹ̀rọ padà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń jẹ díẹ̀ nínú ìgbì, ó sì ń fi ìgbóná ara tirẹ̀ dí i. Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà ṣe é. Bí òkun bá jẹ́ Kelvin 150, tí ọ̀nà náà sì wà ní 290 tó ń jẹ ìdá 2 nínú 100, ohun tó máa dé inú ni 147 láti ara òkun àti 5.8 láti ara irin, àpapọ̀ 152.8. Bí wọ́n bá mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó rọrùn láti yọ ọ́. Àmọ́ ká ní ohun tó ń jẹ gan-an jẹ́ ìdá 2.5, àpapọ̀ á jẹ́ 153.5. Ìyàtọ̀ Kelvin 0.7 yẹn, lórí ìkànnì 23.8, ti tó láti yí gíga òkun padà ní mìlímítà mélòó kan. Ìlàjì ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ló fa gbogbo ìyẹn! Bí wọ́n ṣe ń wọn ohun tí ọ̀nà ìgbì ń jẹ yìí ló yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ yẹ̀ wò tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n yẹ ẹ̀rọ kan wò dáadáa.

Áńtẹ́nà ní àyẹ̀wò tirẹ̀, nínú yàrá tí ògiri rẹ̀ ń gbé ìgbì mì kí ìgbì kankan má bàa ta padà. Kò sí áńtẹ́nà tó ń wo ibi kan ṣoṣo. Díẹ̀ ń wọlé láti ẹ̀gbẹ́, láti orí ilẹ̀ tó jìnnà, àti láti òfuurufú tútù tó kọjá etí àwo rẹ̀. Wọ́n ń wọn èyí, wọ́n sì ń yọ ọ́. Wọ́n tún máa ń tan rédà pọ̀ mọ́ ọn láti mọ̀ bóyá ariwo rédà ń jò wọ inú rẹ̀.

Tí sátẹ́láìtì bá ti gbéra, náítírójìn olómi ti tán. Kí ló wà lókè tí wọ́n lè gbà gbọ́? Òfuurufú tó jìnnà réré sí oòrùn àti ayé ni àkọ́kọ́: ìgbóná rẹ̀ kò ju Kelvin 2.7 lọ, kò sì yí. Sentinel-3 ní ìwo kan lọ́tọ̀ tó kọjú síbẹ̀ nígbà gbogbo. Àmọ́ ìwo yẹn kò gba ojú àwo áńtẹ́nà kọjá, nítorí náà ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí àwo kò lè hàn nínú rẹ̀. Ti Jason-3, gbogbo sátẹ́láìtì ni wọ́n ń yí sókè lóòrèkóòrè kí etí rẹ̀ lè kọjú sí òfuurufú. Sentinel-6 ní dígí tó ń yí, tó ń gbé etí ẹ̀rọ lọ sí òfuurufú tútù àti sí ohun kan tó gbóná nínú rẹ̀, láìjẹ́ pé sátẹ́láìtì fúnra rẹ̀ yí ara padà.

Òkun pàápàá ń ṣe ẹlẹ́rìí. Níbi tí omi bá pa rọ́rọ́, tí ìkùukùu kò sí, tí afẹ́fẹ́ sì gbẹ, ìgbì tó ń jáde máa ń relẹ̀ dé ibì kan tí kò lè kọjá, torí bí omi ṣe ń gbóná sí i ni agbára rẹ̀ láti tú ìgbì jáde ń dín kù, tí méjèèjì sì ń dọ́gba síbì kan. Christopher Ruf, onímọ̀ nípa rédíómítà, fi èyí sílẹ̀ ní ìwé ní 2000: kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwọ̀n jọ, wá ìsàlẹ̀ wọn pátápátá, kí o sì máa ṣọ́ ọ láti oṣù dé oṣù. Bí ìsàlẹ̀ yẹn bá ń sún, ẹ̀rọ ló ń sún. Fún ẹ̀gbẹ́ tó gbóná, igbó Amásónì ni wọ́n ń lò, torí ewé ibẹ̀ kí débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe bí ohun dúdú inú yàrá, ní nǹkan bíi 280.

Ọgbọ́n yìí wúlò gan-an fún TOPEX. Ìkànnì 18 nínú rédíómítà rẹ̀ ń sún díẹ̀díẹ̀, ohun tó ń bá gíga òkun fà sì tó bíi mìlímítà 1 lọ́dún. Nínú ohun tó lé díẹ̀ ní 3, ìdá kan nínú mẹ́ta ni ẹ̀rọ fẹ́rẹ̀ẹ́ mú lọ! Ariwo kò lè ṣe irú ìbàjẹ́ yẹn, torí tí wọ́n bá kó ìwọ̀n púpọ̀ pọ̀, ariwo á pa ara rẹ̀ rẹ́. Sísún díẹ̀díẹ̀ kì í pa ara rẹ̀ rẹ́. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún ló ń jọ ohun tí òkun ń ṣe gan-an. Bí wọ́n ṣe fi bàlúùnù tí wọ́n ń jù sókè láti wọn ọ̀rinrin, àti ẹ̀rọ sátẹ́láìtì mìíràn, àti ìwọ̀n òkun tó relẹ̀ jù lọ yẹn wé ara wọn ló jẹ́ kó hàn. Ti Jason-1, fífò ni tirẹ̀ fò, ní 2002 àti 2003. Ìyẹn rọrùn láti rí jù.

Àwọn ẹlẹ́rìí wọ̀nyí náà ní àléébù. Orí ilẹ̀ àti erékùṣù ni wọ́n ti ń ju bàlúùnù jù. Ibùdó GPS ń fi bí ìgbì GPS ṣe ń falẹ̀ mọ ọ̀rinrin, àmọ́ ó ṣòro láti fi ibùdó sáàrin agbami. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi jẹ́ kí Sentinel-6 tẹ̀ lé Jason-3 lẹ́yìn ní nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá 30 fún ohun tó lé ní ọdún kan, láti òpin 2020 dé 2022: òfuurufú kan náà ni méjèèjì wò, ìyàtọ̀ tó bá kù, ti ẹ̀rọ ni.

Etíkun ṣì ń fún wọn níṣòro. Ibi tí rédíómítà ń wò lẹ́ẹ̀kan fẹ̀ tó bíi kìlómítà 20 sí 40, ilẹ̀ sì ń tú ìgbì jáde ju omi lọ dáadáa, nítorí náà bí ilẹ̀ bá ti yọjú díẹ̀, iye ti bàjẹ́. Sentinel-6 gbé ìkànnì 90, 130 àti 168 lọ, tí ibi tí wọ́n ń wò kéré, láti fi sún mọ́ èbúté sí i.

Ohun tí sátẹ́láìtì ń fi ránṣẹ́ sílẹ̀ kì í ṣe gíga òkun, kì í tilẹ̀ ṣe Kelvin. Iye lásán ni: ohun tí áńtẹ́nà gbọ́, ohun tí dáyóòdù dá, ìgbóná ara ẹ̀rọ níbí àti lọ́hùn-ún. Ilẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣírò ìyókù, wọn kì í sì í jù wọ́n nù. Nígbà tí wọ́n bá mọ̀ dáadáa sí i bí ìkànnì kan ṣe sún, wọ́n á kó gbogbo iye náà jáde láti ọjọ́ kìíní, wọ́n á sì tún un ṣe. Bí gíga òkun ti ọdún 1993 ṣe lè péye lónìí ju bó ṣe péye lọ́dún tí wọ́n wọ̀n ọ́ nìyẹn.