Máòpíìsì Kékeré Kọ́ Ló Ń Gbé Ohùn Fèrè Lọ Sókè

Ẹni tó bá ti jókòó ti ẹgbẹ́ afọnfèrè ṣọ́ọ̀ṣì rí á ti gbọ́ ìmọ̀ràn yìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń fọn tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì nínú orin ìkórè, ó dé ibi tí orin ti gòkè, ohùn rẹ̀ já lójú gbogbo ìjọ. Lẹ́yìn ìsìn, àgbà kan nínú ẹgbẹ́ á fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á ní, "Máòpíìsì rẹ ló tóbi jù. Lọ wá èyí tó kéré." Máòpíìsì ni irin kékeré tí à ń ki bọ ìdí fèrè, tí a ń gbé ètè lé láti fọn ọ́n. Ọmọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó. Ìfẹ́ ló mú àgbà náà sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀hún kò fi bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ìgbàgbọ́ kejì wà tó tako ti àkọ́kọ́ yìí pátápátá, síbẹ̀ tí ẹnì kan náà lè di méjèèjì mú pọ̀. Wọ́n gbà pé nọ́ńbà ara máòpíìsì ni kíláàsì tí èèyàn wà: 7C fún akẹ́kọ̀ọ́, 5C fún ẹni tó ti ń mọ̀ ọ́n, 3C fún ọ̀gá, ẹni tó bá sì ń fọn 1C, olóyè ni. Mo mọ àwọn tó ń tijú 7C wọn débi pé wọ́n máa ń fi ọwọ́ bo nọ́ńbà rẹ̀ bí àlejò bá sún mọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí nọ́ńbà yẹn ti wá. Vincent Bach, afọnfèrè ọmọ ilẹ̀ Austria tó dé Amẹ́ríkà ní 1914, ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe máòpíìsì ní New York ní 1918. Lọ́dọ̀ tirẹ̀, nọ́ńbà ń sọ bí ife máòpíìsì, ìyẹn kòtò inú rẹ̀ tí ètè ń kọjú sí, ṣe fẹ̀ tó, lẹ́tà sì ń sọ bó ṣe jìn tó. Bí nọ́ńbà bá ṣe kéré ni ife á ṣe fẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìgbàgbọ́ méjèèjì fi tako ara wọn. Bí lẹ́tà bá ṣe ń lọ síwájú láti A ni ife á máa pẹ́lẹ́bẹ́ sí i, C sì wà láàárín. Kò sí ibi kankan nínú rẹ̀ tí wọ́n ti kọ ọ́ pé nọ́ńbà báyìí ni ti ọ̀gá. Ìdí kan tí 7C fi di "ti akẹ́kọ̀ọ́" ni pé òun ni wọ́n sábà máa ń bá nínú àpótí fèrè tuntun.

Ẹ wá wo ìwọ̀n wọn nínú ìwé ilé iṣẹ́ Bach fúnra rẹ̀. Fífẹ̀ ife 7C jẹ́ mìlímítà 16.20. Ti 5C jẹ́ 16.25. Ti 3C jẹ́ 16.30. Láti ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá, ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà ni gbogbo ìrìn àjò náà, kò ju nínípọn bébà kan tí a fi ń tẹ̀wé lọ. 1C ló fò díẹ̀: mìlímítà 17.00. Ihò ọ̀fun, ìyẹn ihò tóóró tó wà nísàlẹ̀ ife tí èémí ń gbà kọjá, kò tilẹ̀ yàtọ̀ nínú àwọn tó wọ́pọ̀ yìí. Nǹkan bí mìlímítà 3.66 ni gbogbo wọn, àfi tí èèyàn bá ní kí wọ́n lu ú fẹ̀ fún òun.

Ẹnì kan á ní, "Ṣùgbọ́n mo fi 3C sẹ́nu, mo rí i pé ó yàtọ̀ gédégédé sí 7C mi." Òótọ́ ló sọ. Etí máòpíìsì, ìyẹn bèbè ife tí ètè ń gbé lé, ni ètè rẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀. Etí inú 7C ti Bach mú díẹ̀, ó máa ń di ètè mú, ìbẹ̀rẹ̀ nóòtì á sì jáde ketekete. Ti 3C rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Etí tó fẹ̀ máa ń tu ètè lára tí eré bá gùn, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ètè yí kíákíá láti nóòtì kan sí òmíràn. Ètè èèyàn mọ ìyàtọ̀ tó kéré gan-an, nítorí náà bí etí bá yí díẹ̀ péré, gbogbo máòpíìsì á dà bí àjèjì lẹ́nu. Nọ́ńbà ara rẹ̀ kò sọ ìyẹn.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà sì ju èje lọ. Yamaha ń ka tirẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè: bí nọ́ńbà wọn ṣe ń pọ̀ ni ife ń fẹ̀. 11B4 tó máa ń bá fèrè akẹ́kọ̀ọ́ wọn wá kò jìnnà sí 7C ti Bach, nígbà tí ẹni tí kò mọ̀ á rò pé 11 ti kéré ju 7 lọ, tàbí pé ó ti jù ú lọ, èyí tó bá wù ú. Schilke ti Chicago náà ń kà lọ sókè. Àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí kò tilẹ̀ fẹnu kò lórí ibi tí wọ́n á ti máa wọn ife. Òmíràn ń wọ̀n ọ́n nítòsí etí, òmíràn ń wọ̀n ọ́n jìn díẹ̀ sínú. Ìdí nìyẹn tí mìlímítà 16.5 lọ́dọ̀ ẹnì kan kì í fi í bá 16.5 lọ́dọ̀ ẹlòmíràn mu.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ nóòtì òkè. Ẹ gbé tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì yín, ẹ má fọwọ́ tẹ bọ́tìnì kankan. Ẹ fọn do ìsàlẹ̀. Ẹ fún ètè pọ̀ díẹ̀, kí èémí yára sí i, so á jáde. Ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀, do kejì dé, lẹ́yìn náà mi, lẹ́yìn náà so òkè. Nóòtì márùn-ún nìyẹn, ìka kò mira, máòpíìsì kò yí padà. Ètè ló ń gbọ̀n. Lórí fèrè B♭ tó wọ́pọ̀ láàárín wa, do kejì yẹn ń fẹ́ kí ètè gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 466 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Do tó tún wà lókè rẹ̀, èyí tí àwọn afọnfèrè ń pè ní high C, ń fẹ́ ìlọ́po méjì rẹ̀, bí 932. Tí èèyàn bá wá gòkè ju ibẹ̀ lọ, ẹnu gbàràgàdà iwájú fèrè kì í fi bẹ́ẹ̀ dá ohùn padà sínú mọ́, ó kàn ń jẹ́ kó máa jáde lọ ni. Fèrè kò wá ran ètè lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀ mọ́, ètè àti èémí ló máa dá iṣẹ́ náà ṣe. Kò sí irin tí a lè fi sẹ́nu tó lè gbọ̀n dípò ètè tí kò tíì kọ́ bí a ṣe ń gbọ̀n.

Kí wá ni máòpíìsì ń ṣe? Ẹ yọ ọ́ kúrò lára fèrè, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá etí rẹ̀. Ẹ óò gbọ́ "pọ́" kékeré kan. Ẹ wá èyí tí ife rẹ̀ pẹ́lẹ́bẹ́, kí ẹ gbá òun náà: "pọ́" tirẹ̀ á ga ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí afẹ́fẹ́ tó wà nínú rẹ̀ kéré. Ohùn tó jáde yẹn ni ohùn tí máòpíìsì náà fúnra rẹ̀ fẹ́ràn. Gbogbo nóòtì tí a bá fọn ló ní àwọn ohùn kéékèèké tó ń bá a rìn lókè rẹ̀, máòpíìsì sì máa ń fún àwọn tó bá wà nítòsí "pọ́" rẹ̀ lágbára. Èyí tó pẹ́lẹ́bẹ́ á mú kí ohùn mú, kó máa dán, kó gún ariwo ìlù àti gìtá já. Èyí tó jìn á mú kí ohùn kún, kó rọ̀, kó ṣókùnkùn díẹ̀.

Ibí yìí gan-an ni ìgbàgbọ́ òdì náà ti rí oúnjẹ jẹ. Tí ọ̀gá kan bá gbé máòpíìsì pẹlẹbẹ, nóòtì òkè rẹ̀ á dán, etí àwa tó ń gbọ́ á rò pé ó ga ju bó ṣe ga lọ. Ọ̀pọ̀ aṣáájú afọnfèrè nínú ẹgbẹ́ olórin ńlá ti jáàsì fẹ́ràn irú rẹ̀, 14A4a ti Schilke wà lára àwọn tó lókìkí láàárín wọn, nítorí pé láti ìrọ̀lẹ́ di òru ni wọ́n á fi wà lókè, máòpíìsì náà sì ń dín làálàá wọn kù. Òun ń ran ẹni tó ti débẹ̀ lọ́wọ́ láti dúró pẹ́ níbẹ̀. Ẹni tí kò tíì débẹ̀ ńkọ́? Bí ètè rẹ̀ bá nípọn, tó sì ń ki í wọlé gan-an nígbà tó bá ń fọn, ètè á lọ kan ìdí ife, ohùn á sì dákẹ́ wẹ́lo, bí ìgbà tí wọ́n pa iná. Nóòtì ìsàlẹ̀ rẹ̀ á gbẹ, ti òkè á sì máa sá kúrò lójú ohùn tó yẹ. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ra máòpíìsì kékeré ló pàdánù ìsàlẹ̀ tí wọn kò sì rí òkè gbà.

Ìràwọ̀ ni àwọn mìíràn ń tẹ̀ lé ní tiwọn. Láyé Victor Olaiya, kò sí ẹni tó rò pé áńkáṣìfù funfun tó máa ń mú dání ló ń bá a fọn fèrè, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ nípa ti Louis Armstrong. Tó bá wá kan máòpíìsì, àwọn olóye èèyàn á sọ pé, "Tí mo bá rí èyí tí lágbájá ń lò." Maynard Ferguson, ọmọ Kánádà tí nóòtì òkè sọ di olókìkí, ti ń fọn wọn nínú ẹgbẹ́ olórin jáàsì Stan Kenton láti 1950. Ìgbà tó yá ni ilé iṣẹ́ Jet-Tone ń ta máòpíìsì tó ní lẹ́tà orúkọ rẹ̀, MF, lára. Nóòtì ló ṣáájú, máòpíìsì ló tẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ ká béèrè ìdí tí àwọn àgbà wọ̀nyí fi fẹ́ràn ohun tí wọ́n fẹ́ràn, ìyẹn ló lérè. Miles Davis, afọnfèrè jáàsì tó dàgbà ní East St. Louis ní Amẹ́ríkà, di máòpíìsì Heim mú. Joseph Gustat, aṣáájú afọnfèrè nínú ẹgbẹ́ olórin St. Louis Symphony, ló wà nídìí irú èyí tí Miles ń lò. Ife rẹ̀ jìn, inú rẹ̀ sì rí bí àrọ. Miles kò wá ariwo, kò sì wá òkè. Ohùn pẹ̀lẹ́ tó dúró láìgbọ̀n, tó dà bíi pé ó ń sọ̀rọ̀ sétí ẹnì kan ṣoṣo, ló ń wá, Heim sì fún un. Ní Chicago, Adolph Herseth ni aṣáájú afọnfèrè ẹgbẹ́ olórin ìlú náà láti 1948 títí di 2001. Lẹ́yìn ìjàǹbá ọkọ̀ tó pa á létè, ó bọ́ sórí máòpíìsì tó fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí etí irin má baà máa jókòó lé ojú àpá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ káàkiri Amẹ́ríkà gbọ́ ohùn rẹ̀, wọ́n sì lọ ń ra máòpíìsì ńlá. Àpá kò sí létè tiwọn! Ti Wynton Marsalis, afọnfèrè ọmọ Amẹ́ríkà, tilẹ̀ tún dùn mọ́ mi jù. Lára fèrè tí David Monette ṣe fún un ní Oregon, wọ́n ti jó máòpíìsì àti fèrè pọ̀ di ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ yá a lò ní láti gbé gbogbo fèrè lọ.

Ètè mẹ́ta, iṣẹ́ mẹ́ta, kò sì sí méjì tó jọra. Ẹni tó ń fọn orin ìyìn lábẹ́ àgọ́ pẹ̀lú gángan, gìtá àti sípíkà ńlá ń fẹ́ ohùn tó mú. Ẹni tó ń bá akọrin fọn orin mímọ́ láìsí ẹ̀rọ ń fẹ́ ohùn tó máa wọnú ohùn èèyàn. Ẹnì kan náà lè ní máòpíìsì méjì fún iṣẹ́ méjèèjì, kò burú, bí etí àwọn méjèèjì bá ṣáà jọra kí ètè má baà ṣìnà.

Kí ló wá já ohùn ọmọkùnrin ọjọ́ ìkórè yẹn? Nínú ohun tí mo máa ń rí, títẹ̀ ni. Bí nóòtì bá ti ga, apá òsì á fa fèrè mọ́ ẹnu. Ìtẹ̀mọ́lẹ̀ yẹn ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró nínú ètè, ètè á kú tipiri, kò ní lè gbọ̀n mọ́. Ẹ wo ẹnu rẹ̀ lẹ́yìn orin, ẹ óò rí òrùka pupa níbẹ̀. Èyí tó kù ni àìní èémí: ó ti ná gbogbo èémí rẹ̀ sórí ìlà tó ṣáájú. Ọmọ bẹ́ẹ̀ nílò kó máa fọn nóòtì gígùn jẹ́jẹ́ lójoojúmọ́, kó máa gòkè díẹ̀díẹ̀ láìtẹ̀, kó sì máa sinmi tí ètè bá ti rẹ̀ ẹ́.

Bí èèyàn bá fẹ́ pààrọ̀ máòpíìsì lóòótọ́, kó má ṣe fi nóòtì òkè dán an wò ní ṣọ́ọ̀bù. Ètè tó ti sinmi lè gòkè pẹ̀lú ohunkóhun, pàápàá tí inú olówó rẹ̀ bá ń dùn sí nǹkan tuntun. Kó fọn ìsàlẹ̀ jẹ́jẹ́. Kó fọn àárín jẹ́jẹ́, kó gbọ́ bóyá ohùn ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tàbí afẹ́fẹ́ ló ń kọ́kọ́ jáde. Kó tún gbé e nígbà tó ti rẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ìgbáradì, torí ìgbà yẹn ni òótọ́ máa ń jáde. Bó bá jẹ́ pé ó yá ti ẹlòmíràn ni, kó fi ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ ọ́ ná. Kó sì ṣọ́ra fún àwọn tí wọ́n kọ 7C sí lára lásán láìsí orúkọ ẹni tó ṣe wọ́n. Ẹnikẹ́ni ló lè kọ 7C sára irin.

Kó wo ìdí rẹ̀ pẹ̀lú, ibi tó ń wọ inú fèrè. Ìdí máòpíìsì kọ̀nẹ́ẹ̀tì, fèrè tó jọ tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì, tín-ín-rín ju ti tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì lọ. Mo ti rí ẹni tó wé bébà mọ́ ọn kó lè dúró, tó sì ń bínú pé fèrè òun kò bá dùùrù mu. Bó bá há, kí wọ́n má fi pílásì tàbí òòlù yọ ọ́, ohun èlò tí a fi ń fà á yọ wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún fèrè ṣe. Bí fàdákà etí rẹ̀ bá sì ti họ débi pé bàbà pupa rẹ́súrẹ́sú ló ń kan ètè, ara àwọn kan kì í gba bàbà yẹn, ètè wọn á máa yún wọn tàbí kó lé. Kí wọ́n tún fàdákà dà sí i, tàbí kí wọ́n ra òmíràn tí etí rẹ̀ bá ti tẹ́lẹ̀ mu, ì báà jẹ́ 7C.